Ta Ló Ni Káńsù? Owó Ilé, Ìbò àti Iṣẹ́ Ìlú ní Ẹ̀pẹ́ Rẹ́mọ

Ẹ̀pẹ́ etí ọ̀sà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ là ń wí. Ẹ̀pẹ́ Rẹ́mọ ni, ọ̀kan nínú ìlú mẹ́tàlá tó para pọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872. Ogun ayé ìgbà náà ló lé wọn jọ. Òfin wá, Mákùn wá, Ṣónyìndó, Ìjókù, Ìjàgbà àti àwọn yòókù dé, wọ́n kọ́lé ti ara wọn kí ọ̀tá má baà máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti gbọ́ ọ rí pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Kò sí gómìnà tó pa á láṣẹ fún wọn, kò sì sí ìlú tó tìtorí ìrẹ́pọ̀ yìí sọ orúkọ rẹ̀ nù.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ìròyìn ìjọba ìbílẹ̀ ní Rẹ́mọ kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìtàn yìí. Òun ló jẹ́ kó yé e bí onílé kan ṣe lè dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà fún iná àdúgbò láìkùn, kí onílé yìí kan náà sì fi ariwo lé òṣìṣẹ́ káńsù tó wá gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta jáde. Kì í ṣe pé ó láhun. Owó àkọ́kọ́ ń lọ síbi tó kà sí tirẹ̀, èkejì ń lọ síbi tí kò mọ̀.

Ìròyìn mẹ́ta ni akọ̀ròyìn ìlú kékeré máa ń bá dé káńsù: ta ló wọlé ìbò, èló ni wọ́n dá lé ilé, àwọn wo ló jáde wá ro ojú ọ̀nà. Lónìí, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà kan rí, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ẹni tó sanwó ló ń dìbò, ẹni tó dìbò ló ń béèrè ọ̀nà, ẹni tó béèrè ọ̀nà náà ló ń gbé ọkọ́ jáde nígbà tí agogo akéde bá dún. Okùn tó so wọ́n pọ̀ ti já. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀lẹ ló mú kí àwọn ènìyàn má jáde dìbò mọ́, àwọn mìíràn ní àìmọ̀kan ni. Ẹ̀bi náà kò sí níbẹ̀.

Rẹ́mọ mọ iyì ìṣúra ara ẹni kó tó mọ àpótí ìbò. Nígbà ayé Akárìgbò Christopher Adédoyin, ọba Rẹ́mọ tó wà lórí ìtẹ́ láti 1916 títí di 1952, àwọn ará Rẹ́mọ bá Ìjẹ̀bú-Òde fà á lórí ìṣàkóso títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gbé ìwádìí kalẹ̀ ní 1937. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Rẹ́mọ bọ́ sábẹ́ àṣẹ ara rẹ̀. Ìjà oyè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣàkóso ara rẹ̀ náà ló mọ ibi tí owó orí rẹ̀ wọlé sí.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi ìdìbò. Òun ni mínísítà ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí òfin káńsù tuntun jáde ní 1952, tí àwọn tí a dìbò yàn fi wá pọ̀ ju àwọn ọba àti ìjòyè lọ nínú ìgbìmọ̀. Nínú ìdìbò 1951 tó gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹni tó ń san owó orí ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò ní ìpele àkọ́kọ́. Rìsíìtì owó orí wá di ẹ̀rí pé ènìyàn lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílùú.

Bàbá olóbì kan wà tó to àwọn rìsíìtì tirẹ̀ jọ sínú agolo bísíkíìtì. Wọ́n ti pọ́n, etí wọn ti jẹ, ṣùgbọ́n ó tò wọ́n lọ́dọọdún, ó sì fi okùn dì wọ́n. Nígbà tí káńsẹ́lọ̀ kan tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí sọ fún un ní gbangba pé kó ní sùúrù, ìjọba ń gbìyànjú, bàbá ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n lọ gbé agolo náà wá. Ó tú okùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún, ó ń ka ṣílè. Ó wá ní, “Ẹ̀yin náà, ẹ mú tiyín wá ká wò ó.” Káńsẹ́lọ̀ kò ní ẹyọ kan. Gọ́tà tó dí ni bàbá fẹ́ kí wọ́n wá ṣí, kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò béèrè rẹ̀ bí alágbe. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó ti sanwó ọjà tí wọn ò tíì gbé fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí rò pé ayé owó orí dùn. Àkódà àti pańpẹ́ ló bá a wá. Ọkùnrin ń sá pamọ́ sínú oko obì nígbà tí àwọn agbowó bá dé. Ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ń sanwó láìní ẹni tó ń ṣojú wọn nínú ìgbìmọ̀. Ìyẹn ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti fi kó wọn jáde ní 1947, títí Aláké fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Ó di 1959 kí gbogbo obìnrin tó ti dàgbà ní Gúúsù Nàìjíríà tó lè dìbò, yálà wọ́n ń san owó orí tàbí wọn ò san. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà fi ìbọn dá owó orí dúró, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì fa owó náà wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Ohun tó yẹ ká ṣàkíyèsí nínú rògbòdìyàn wọ̀nyí ni pé àwọn tó ń bínú mọ ẹni tí àwọn ń bá bínú. Ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta àti àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń béèrè: kí lẹ fi owó wa ṣe?

Àtúntò ọdún 1976 ló yí nǹkan padà. Ìjọba ológun sọ káńsù di irú kan náà jákèjádò orílẹ̀-èdè, Ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún náà sì bá a wọlé. Ìdìbò káńsù tó wáyé ní oṣù Kejìlá rẹ̀ ni àwọn obìnrin Òkè Ọya kọ́kọ́ fi tẹ̀ka rí, èrè tí kò ṣeé fojú rénà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni owó epo rọ̀bì ti di ohun tí káńsù gbójú lé. Ìpín ìjọba ìbílẹ̀ nínú àpò àpapọ̀ jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní 1981, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní 1990, ó di ogún ní 1992, lónìí ó jẹ́ 20.60. Káńsù tó ń retí owó láti Àbújá lóṣooṣù kò rí ìdí tí yóò fi máa kanlẹ̀kùn onílé. Àwọn àgbà ní agbójúlógún fi ara rẹ̀ fóṣì ta. Òṣì ibí yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Ọjọ́ tí káńsù kò nílò owó onílé mọ́ náà ni kò nílò ojúure rẹ̀ mọ́.

Ìròyìn gan-an fi í hàn. Àwọn tó ti ń kọ ìròyìn káńsù kí wásáàpù tó dé mọ̀ pé ìwé ìṣúná ni akọ̀ròyìn máa ń kọ́kọ́ béèrè: èló ló wọlé láti orí ìṣọ̀ ọjà, èló ló ti gáréèjì wá, èló ni owó ilé, èló ni wọ́n san fún àwọn tó ń gbá títì. Lónìí, fọ́tò ló ń ṣáájú. Alága dúró, ẹ̀rọ ìlọta tò sẹ́yìn rẹ̀, ìyá kan kúnlẹ̀ ó ń gba ọ̀kan, wọ́n ní ìrónilágbára ni. Ìyá tó kúnlẹ̀ yìí lè jẹ́ ẹni tí wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì ọjà fún láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bóyá owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ tó ń dúpẹ́ lé lórí.

Owó ilé kò kúrò nínú òfin. Àfikún Kẹrin inú ìwé òfin 1999 ṣì fi í lé káńsù lọ́wọ́ láti díye lé ilé aládàáni fún owó tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀. Òfin 1998 tó pín owó orí láàárín ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà kò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ káńsù. Dídíye náà ló le. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ojú wo ni wọ́n fi ń wo ilé?

Ní ìlú kan ní Rẹ́mọ, òṣìṣẹ́ wọ ilé ẹbí pẹ̀lú gègé àti fọ́ọ̀mù. Yàrá mẹ́jọ ni ilé náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á láàárín, ibojì bàbá ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ka ilẹ̀kùn, ó béèrè iye tí yàrá kan ń pa lọ́dún. Ìyá àgbà tó bá nílé rẹ́rìn-ín. Ayálégbé kan péré ló wà níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò àti opó ẹbí ló ń gbé yàrá mẹ́fà, wọn kì í san kọ́bọ̀. Ẹrù egúngún ló wà nínú èyí tó kù. Òṣìṣẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó kọ yàrá mẹ́jọ sílẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri iwájú, ó sì kọjá sí ilé kejì.

Nígbà tí ìwé owó náà dé, orúkọ bàbá tó ti kú kí ìyá àgbà tó bímọ ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé, tó ń ṣòwò l'Ékòó, ní òun yóò san án. Ẹbí ní kó má san án. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ẹni tó bá ń san owó ilé ẹbí lọ́dọọdún lè kó rìsíìtì lọ sí kóòtù lọ́jọ́ kan, kó ní òun lòun nilé. Owó wà, ẹni tó fẹ́ san án wà. Ìwé ni wọ́n bẹ̀rù.

Nínú ọ̀ràn yìí, kò sẹ́ni tó purọ́. Òṣìṣẹ́ ń wá iye tí ilé lè pa, ẹbí ń wo àwọn tí ilé dáàbò bò. Ilé tó gba opó àti ọmọ òrukàn sílé láìgba owó ń ṣe iṣẹ́ tí ìjọba ìbá ṣe, kò sì sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹbí san, àfi kí wọ́n kọ ìwé náà lórúkọ ẹbí, kí wọ́n sì ka olùgbé yàtọ̀ sí ayálégbé.

Dídíye lé ilé kò rọrùn níbòmíràn náà. Ní England, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Rẹ́mọ ti ń san owó káńsù, iye tí ilé ìbá tà ní oṣù Kẹrin 1991 ni wọ́n ṣì fi ń pín ilé sí ìsọ̀rí, láti A dé H. Ètò náà ti gbó, àwọn ènìyàn sì ń bú u, síbẹ̀ ìwé tó ń béèrè owó yìí ń sọ èyí tó jẹ́ ti ọlọ́pàá àti èyí tó jẹ́ ti káńsù. Ní Èkó, òfin 2001 kó owó ilé àti àwọn owó tó jọ ọ́ pọ̀ sí ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè ní 2018, onílé pariwo, agbẹjọ́rò pariwo, ìjọba sì dín in kù. Ariwo náà dára fún ìlú, torí pé ẹni tí owó ń jáde lápò rẹ̀ ló ń ka ìwé òfin.

Ìbò wá ńkọ́? Nínú ìdìbò káńsù oṣù Kejìlá 1990, ìtò ni wọ́n fi dìbò. Olúkúlùkù dúró sẹ́yìn àwòrán ẹni tó fẹ́, lójú ọ̀rẹ́, lójú àna, lójú ẹni tó jẹ lówó. Ó kó ìjà wọ ilé púpọ̀, kò sì yẹ ká padà síbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló rí bí ìlà ṣe gùn tó. Nísinsìnyí àṣírí wà, iyèméjì ni kò sí. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2021 àti ọjọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2024, APC tó ń ṣèjọba ní Ògùn ló gba ipò alága nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ogún. Kì í ṣe ọ̀ràn ẹgbẹ́ kan: ní Ọ̀yọ́, PDP tó wà nípò níbẹ̀ nígbà náà ló kó gbogbo mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní 2024. Ẹni tó bá rìn yí ibùdó ìdìbò ká lọ́jọ́ ìbò káńsù mọ̀ pé ìlà rẹ̀ kì í tó ti gómìnà. Èrò pọ̀ níbi tí wọ́n ti pín ìrẹsì lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́.

Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rí ìdìbò tó gbóná ní Ẹ̀pẹ́, kó lọ sí ìpàdé onílé. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní sí-dí-eè, kò lówó Àbújá, wọn ò sì retí rẹ̀. Akápò á ṣí ìwé, á máa ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, ẹni tí wọ́n bá pè á dìde ṣàlàyé ara rẹ̀. Tiransifọ́mà ti jó, àwọn tó yẹ kó pààrọ̀ rẹ̀ kò dá wọn lóhùn, wọ́n wá pín owó rẹ̀ sórí ilé: bọ́ngálò ní iye tirẹ̀, ilé alájà ní tirẹ̀. Dídíye lé ilé nìyẹn, àwọn aládùúgbò ló sì ṣe é, àwọn tó mọ ilé tí opó ń gbé àti ilé tó kún fún ayálégbé. Alága tó bá kùnà, wọn á yọ ọ́. Kò sí ìrẹsì tó lè gbà á sílẹ̀, torí gbogbo ènìyàn ló mọ iye tó wà nínú àpótí.

Ẹ̀mí ìlú kò kú, nígbà náà. Ó kó kúrò ní káńsù ni, ó kó lọ sí abẹ́ igi tí onílé ti ń ṣèpàdé. Níbẹ̀, owó, ìbò àti iṣẹ́ ṣì wà lójú kan.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ yin onílé kọjá bó ṣe yẹ. Ìyá alákàrà kan háyà yàrá, ó tún háyà ṣọ́ọ̀bù. Onílé méjèèjì pín owó tiransifọ́mà kàn án, ó san án lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ sípàdé, ó dìde, ó béèrè iye tó ṣẹ́kù. Wọ́n ní, “Ìyá, ẹ jókòó, ìpàdé onílé lèyí.” Ohun tí àwọn obìnrin Abẹ́òkúta kọ̀ ní 1947 náà nìyẹn, ó wọ aṣọ àdúgbò wá ni. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà ní kọ́lọ́fín tirẹ̀. Ẹni tí kò bá jáde wá ro ojú ọ̀nà ní Sátidé á san ìtanràn. Nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru dé á san án pẹ̀lú ìbínú, olówó á san án tayọ̀tayọ̀, kò sì ní gbé ọkọ́ láéláé. Owó orí ni, àmọ́ kò ní kóòtù, kò ní ayẹ̀wéwò. Èyí tó burú jù ni pé ibi tí owó àdúgbò bá pin sí ni ọ̀nà náà ń pin sí. Àdúgbò olówó á tan iná, èyí tó kàn án á wà lókùnkùn. Iṣẹ́ tí káńsù wà fún gan-an nìyẹn: kó mú nínú ohun tí òpópónà kan ní, kó fi tún òmíràn ṣe. Sí-dí-eè kankan kò lè ṣe é.

Kí ìlú máa ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ kò ní kó má bi ìjọba léèrè. Nígbà tí Tai Solarin àti ìyàwó rẹ̀, Sheila, dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù Kìíní 1956, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti oko. Ọkùnrin náà kò tìtorí pé òun ń ran ara òun lọ́wọ́ dákẹ́ fún ìjọba. Títí tó fi kú ló ń bá wọn wí nínú ìwé ìròyìn. Ní Vermont, ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú kéékèèké ń péjọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ oṣù Kẹta láti dìbò lórí ìṣúná fúnra rẹ̀, láti orí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì dé orí mọ́tò panápaná tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń wà. Owó ilé wọn ni, wọ́n sì ń bá a dé ibi tó ń lọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù, àti pé ìgbìmọ̀ tí a kò dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣàkóso rẹ̀. Ìdájọ́ tó yẹ ni. Ṣùgbọ́n owó Àbújá tó gba ọ̀nà tààrà wá, owó Àbújá náà ni. Ó lè yọ ọwọ́ kan kúrò nínú àwo. Kò lè sọ onílé Ẹ̀pẹ́ di ẹni tí alága ń kà sí.

Káńsẹ́lọ̀ kan gbìyànjú ohun tó yàtọ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó kọ iye tí káńsù ná ní wọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé, ó mú un lọ sípàdé onílé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Wọ́n da ìbéèrè bò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó dáhùn èyí tó mọ̀, ó ní òun yóò lọ wádìí èyí tí òun kò mọ̀, ó sì padà wá lóṣù tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn onílé kan lọ san owó ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ní kí káńsẹ́lọ̀ bá wọn tọ́jú ẹ̀dà rìsíìtì. Nígbà tí ìbò mìíràn dé, ẹgbẹ́ rẹ̀ fa ẹlòmíràn kalẹ̀. Àwọn onílé kò jẹ́ kó lọ. Wọ́n yàn án ní akápò.